Ìbò Austrálíà: ṣé olórí ẹgbẹ́ ni ká wò, àbí ohun tí ẹgbẹ́ lóun máa ṣe?

Ọmọ_Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan kò tíì tán nílẹ̀ láàárín àwa tí à ń tẹ̀lé òṣèlú Austrálíà, láti ìgbà tí wọ́n ti dìbò lọ́jọ́ 3 oṣù Kàrún-ún ọdún 2025. Ẹgbẹ́ Labor tí Anthony Albanese ń darí gba ìjókòó 94 nínú 150 nílé aṣojú-ṣòfin. Peter Dutton tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Liberal nígbà náà fìdí rẹmi, ìjókòó tirẹ̀ gan-an ní Dickson, létí ìlú Brisbane, tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti 2001, tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn kan ní Dutton fúnra rẹ̀ ni àwọn èèyàn kò fẹ́. Àwọn mìíràn ní ètò rẹ̀ ló lé wọn sá: iná mànàmáná nukilia níbi méje, àti àṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ pa dà sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ márààrún. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọgbọ́n dìbò níbẹ̀, kí ni kó kọ́kọ́ gbé sórí òṣùwọ̀n? Ọ̀dọ̀ ètò ni èmi ń fì sí. Ẹ là mí lóye.

Àgbà_Ṣàgámù

Orí ìwé ìbò ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé méjì ni wọ́n máa ń fún olùdìbò. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ewéko jẹ́ ti ilé aṣojú-ṣòfin, orúkọ àwọn tó ń du ẹkùn tìrẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Èyí tó funfun, tó gùn bí aṣọ ìró, jẹ́ ti ilé aṣòfin àgbà. Orúkọ Albanese kò sí lórí ìwé ẹnikẹ́ni àyàfi àwọn ará Grayndler ní Sydney. Ti Dutton ní 2025 kò sí níbòmíràn ju Dickson lọ. Olùdìbò ní Perth tó ní "Albanese ni mo dìbò fún", ẹlòmíràn ló fi nọ́ńbà sí níwájú orúkọ rẹ̀.

Ìwé òfin ilẹ̀ wọn kò tilẹ̀ dárúkọ olóòtú ìjọba rárá. Àṣà ló gbé ipò náà ró: ẹni tí ọ̀pọ̀ jù lọ nílé aṣojú-ṣòfin bá fara mọ́ ni gómìnà àgbà, aṣojú Ọba, máa pè. Ìdí nìyí tí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ fi lè jókòó nínú yàrá kan lálẹ́, kí ilẹ̀ sì mọ́ bá olóòtú tuntun. "Spill" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ wo bó ṣe tẹ̀ lé ara wọn: nínú Labor, oṣù Kẹfà 2010, Julia Gillard gba ipò lọ́wọ́ Kevin Rudd. Oṣù Kẹfà 2013, Rudd gbà á pa dà pẹ̀lú ìbò 57 sí 45. Nínú Liberal, oṣù Kẹsàn-án 2015, Malcolm Turnbull fi 54 sí 44 lé Tony Abbott. Oṣù Kẹjọ 2018, wọ́n yọ Turnbull náà, Scott Morrison sì fi 45 sí 40 borí Dutton.

Lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún mẹ́jọ. Ẹni tó dìbò nítorí ojú Rudd ní 2007, Gillard ló bá nípò kí sáà náà tó parí. Ẹni tó dìbò nítorí Turnbull ní 2016, Morrison ló bá. Ètò ni kí olùdìbò dì mú, olórí kì í ṣe ohun tí ìbò rẹ̀ lè fi ọwọ́ mú.

Àdùkẹ́_Brisbane

Ẹ kú àlàyé, Baba Ṣàgámù. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láyè kí n ta kò yín. Bí olórí ṣe ń yọ́ lọ, ètò náà ń yọ́ lọ. Ẹ wo ẹ̀rí mẹ́ta.

Gillard sọ ṣáájú ìbò 2010 pé kò ní sí owó orí afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù lábẹ́ ìjọba tóun bá darí. Ìbò náà parí sí 72 fún Labor, 72 fún ẹgbẹ́ Liberal àti Nationals tí wọ́n jọ ń ṣe é. Kó tó lè jọba, ó nílò ẹgbẹ́ Greens àti àwọn tí kò sí lẹ́gbẹ́ kankan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2012, àwọn iléeṣẹ́ ńlá ti ń san dọ́là 23 lórí tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan.

Abbott ṣèlérí lọ́jọ́ tó ku ọ̀la ìbò 2013 pé òun kò ní gé owó ẹ̀kọ́, òun kò ní gé owó ìlera, òun kò sì ní fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì. Ìṣúná oṣù Kàrún-ún 2014 dé, ó ní kí aláìsàn máa san dọ́là 7 nígbàkigbà tó bá lọ rí dókítà àdúgbò.

Albanese sọ ní 2022 pé òun kò ní yí ìdínkù owó orí ìpele kẹta tí Morrison ti sọ dòfin pa dà. Ní oṣù Kìíní 2024 ó yí i. Ẹni tó ń gba 200,000 dọ́là lọ́dún ì bá rí 9,075 dọ́là gbà. 4,529 ló kù fún un, ìyókù lọ sọ́dọ̀ àwọn tí owó wọn kéré.

Mi ò sọ pé ìyípadà kẹta yẹn burú. Lójú tèmi ó dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó fi ètò nìkan dìbò kò rí ohun tó dìbò fún gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀nà tí olórí máa ń gbà ronú nígbà tí nǹkan bá yí ló yẹ kó wò.

Aṣírò_Owó

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ̀rí yín tọ̀nà, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ gbà já a kò tẹ́ mi lọ́rùn. Dọ́là 7 Abbott yẹn, ṣé ó wọlé? Kò wọlé. Wọ́n pa á tì ní oṣù Kẹta 2015. Ilé aṣòfin àgbà ló dá a dúró.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùdìbò kì í bojú wò. Aṣòfin àgbà 76 ló wà: 12 láti ọ̀kọ̀ọ̀kan ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, 2 láti agbègbè Canberra, 2 láti Northern Territory. Òfin nílò ìbò 39 kó tó kọjá. Bí ìbò bá dọ́gba, òfin náà ṣubú nìyẹn. Láti oṣù Keje 2014, aṣòfin àgbà 33 ni ẹgbẹ́ Abbott ní. Ó gbọ́dọ̀ wá mẹ́fà kún un nígbà gbogbo. Labor tó gba 94 nílé aṣojú-ṣòfin ní 2025 kò dá 39 ní nílé àgbà. Nítorí náà, bí ètò kan bá wà níwájú yín, ẹ béèrè pé: ta ló máa fún un ní ìbò tó kù, kí sì ni ẹni yẹn máa gbà kó tó fọwọ́ sí i?

Àpẹẹrẹ tó dára jù ni owó orí ọjà, GST. John Howard, olóòtú ìjọba láti ẹgbẹ́ Liberal, gbé e lọ sínú ìbò 1998. Àpapọ̀ ìbò lẹ́yìn tí wọ́n pín gbogbo rẹ̀ sáàárín ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì fún Labor ní ìdá 50.98 nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ Howard ló wọlé, nítorí ẹkùn ni wọ́n ń kà. Ó dé ilé àgbà, kò ní ìbò tó pé. Meg Lees, olórí ẹgbẹ́ Democrats, ní àfi kí wọ́n yọ oúnjẹ tútù kúrò. Ìdí nìyí tí ẹran, búrẹ́dì, mílíìkì, èso àti ẹ̀fọ́ kò fi ní GST lórí láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2000 títí dòní. Howard kọ́ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ètò rẹ̀. Ìwé funfun gígùn yẹn ló ṣe é.

Ọmọ_Ìṣẹ́yìn

Ẹ ṣé gan-an. Ìbéèrè kan fún Baba Ṣàgámù: ṣé spill yẹn ṣì rọrùn tó bẹ́ẹ̀? Mo rò pé wọ́n ti yí òfin ẹgbẹ́ pa dà.

Àgbà_Ṣàgámù

Wọ́n ti yí i. Ní Labor, láti 2013, ó gba kí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó lè dìbò tuntun lórí olórí tó jẹ́ olóòtú ìjọba. Bí ẹgbẹ́ kò bá sí nípò, ìdá 60 ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lásán náà ń dìbò, ìbò wọn jẹ́ ìdajì, ti àwọn aṣòfin jẹ́ ìdajì. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ó ní oṣù Kẹwàá 2013, nǹkan bí ìdá 60 àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ Albanese, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin fẹ́ Bill Shorten, Shorten ló sì wọlé nígbà tí wọ́n pa á pọ̀. Ní Liberal, láti oṣù Kejìlá 2018, ó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta kí wọ́n tó yọ olóòtú tó ti borí nínú ìbò gbogbogbòò.

Kí ẹ ṣọ́ra o: ààbò yẹn kò bo olórí alátakò ẹgbẹ́ Liberal. Ìbò kan ṣoṣo tó ju ìdajì lọ tó láti yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa náà, torí irú ilé aṣòfin kan náà ni Ìwọ̀-Oòrùn wa ní nígbà kan. Ní 1962, lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí ni Gómìnà Adesoji Aderemi fi yọ Olóyè Akintola nípò olórí ìjọba, láìdúró de kí wọ́n dìbò nílé. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní London, wọ́n sì sọ ní 1963 pé gómìnà ní agbára láti ṣe é. Nínú irú ìjọba bẹ́ẹ̀, ọwọ́ aṣòfin ni orí olórí wà.

Àdùkẹ́_Brisbane

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ohun tó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ mi hàn yín. Láàárín oṣù Kẹta 2020 sí oṣù Kàrún-ún 2021, Morrison ní kí gómìnà àgbà yan òun sí ipò mínísítà márùn-ún tí ẹlòmíràn ti wà nínú wọn: ìlera, ìnáwó, ìṣúná, ọ̀rọ̀ abẹ́lé, àti iléeṣẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú ohun àlùmọ́ọ́nì. Wọn kò kéde rẹ̀ fún aráàlú, kódà ọ̀pọ̀ nínú àwọn mínísítà tó fi ara kún ipò wọn kò mọ̀. Agbára ọ̀kan nínú wọn ló fi dá ètò ìwakùsà gáàsì PEP-11 létíkun New South Wales dúró, nígbà tí mínísítà tó ni iṣẹ́ náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù Kẹjọ 2022, lẹ́yìn tó ti kúrò nípò, ni aráyé tó gbọ́. Ilé aṣojú-ṣòfin bá a wí ní oṣù Kọkànlá pẹ̀lú ìbò 86 sí 50.

Ìwé ètò wo ni olùdìbò 2019 ì bá kà tí yóò fi rí ìyẹn? Kò sí. Ìwà èèyàn ni. Ẹ má sọ fún mi pé kò ṣe pàtàkì.

Aṣírò_Owó

Ó ṣe pàtàkì. Mi ò jiyàn lórí ìyẹn rárá, ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn burú fún ilé aṣòfin fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ìbò 2019 tó gbé Morrison wọlé, torí òun ni gbogbo èèyàn ń fi ṣe àpẹẹrẹ lọ́nà òdì.

Shorten, tó ń darí Labor nígbà náà, gbé ètò tó kún wá. Ẹ jẹ́ kí n tú mẹ́ta nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́: iléeṣẹ́ tó bá san owó orí ìdá 30 lórí èrè máa ń fún onípìn-ín ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti san owó orí náà, franking credit ni wọ́n ń pè é. Bí onípìn-ín kò bá jẹ owó orí kankan, ìjọba á san iye náà fún un lówó gangan. Labor fẹ́ fòpin sí sísan lówó gangan yẹn, ó sì yọ àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba sílẹ̀. Èkejì: ẹni tó ra ilé tó fi háyà, tó ń pàdánù lórí rẹ̀, lè yọ àdánù náà kúrò nínú owó oṣù rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó orí. Labor fẹ́ fi èyí mọ sórí ilé tuntun nìkan, àwọn tó ti ní ilé tẹ́lẹ̀ kò ní fara gbá. Ẹ̀kẹta: bí èèyàn bá ta dúkìá, ìdá 50 nínú èrè ni wọn kì í bu owó orí lé. Labor fẹ́ sọ ọ́ di 25.

Ẹ rí i bí àlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Ẹgbẹ́ Morrison fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì péré dáhùn, wọ́n pè é ní "retiree tax", owó orí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ tí kò ní ìpín kankan nínú iléeṣẹ́ ń bẹ̀rù pé wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ àwọn. Ohun kan náà ló bá John Hewson, olórí ẹgbẹ́ Liberal, ní 1993. Ìwé ètò rẹ̀ ju ojú ìwé 650 lọ, GST rẹ̀ jẹ́ ìdá 15. Wọ́n bi í lórí tẹlifíṣọ̀n pé èló ni kéèkì ọjọ́ ìbí máa jẹ́, kò lè dáhùn láìtò ó ní "bí kéèkì bá ní àbẹ́là lórí, bí kò bá ní". Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Paul Keating ti Labor borí rẹ̀.

Lẹ́yìn 2019, Labor ní kí Craig Emerson àti Jay Weatherill yẹ ohun tó fa àdánù wò. Àbọ̀ wọn kò dá ẹ̀bi lé ibì kan: ọgbọ́n ìpolongo tí kò lágbára, ètò tó pọ̀ jù tó sì há ara wọn mọ́, àti olórí tí àwọn èèyàn kò fẹ́ràn. Ìwádìí ìdìbò ti fásitì ANU fún ọdún náà ní ìdá 66 àwọn olùdìbò sọ pé ọ̀rọ̀ ètò ni àwọn fi dìbò, ìdá 7 péré ló dárúkọ olórí. Síbẹ̀, lórí bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ràn olórí tó, ìwádìí kan náà fún Shorten ní 4.0 nínú 10, Morrison ní 5.1.

Àdùkẹ́_Brisbane

Ìwọ̀n kan náà fún Morrison ní 3.8 ní 2022, ó sì fìdí rẹmi. Ẹnu ń sọ ètò, ọkàn ń wo èèyàn. Ẹni tí o kò fọkàn tán, bó bá ṣàlàyé ètò rẹ̀ títí di alẹ́, o kò ní gbà á gbọ́.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Àwọn mọ̀lẹ́bí wa kan ti di ọmọ onílùú níbẹ̀, dandan sì ni ìdìbò fún wọn, ìtanràn dọ́là 20 ló wà fún ẹni tí kò bá lọ láìní ìdí. Wọn ò ní àkókò láti ka ojú ìwé 650. Kí ni wọ́n máa ṣe gan-an?

Aṣírò_Owó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìbéèrè tó dára. Bí mo ṣe máa ní kí ẹnikẹ́ni ṣe é rèé.

Kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó kan ilé wọn, kí wọ́n má ṣe ju mẹ́ta lọ: bóyá dókítà ọ̀fẹ́, ilé, owó ilé ìwé. Kí wọ́n wá ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ìwé kan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo iye tó máa ná ìjọba. Láti 2012 ni ọ́fíìsì ìṣúná ilé aṣòfin, PBO, ti wà láti ṣírò ètò ẹgbẹ́ láìṣègbè. Láàárín ọjọ́ 10 tí wọ́n bá ti fi àṣẹ ìdìbò síta, àwọn òṣìṣẹ́ ìṣúná fúnra wọn gbọ́dọ̀ gbé ìwé tó sọ bí àpò ìjọba ṣe rí jáde, PEFO ni orúkọ rẹ̀. Ìyẹn ni kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ibi tí wàhálà wà: ẹgbẹ́ máa ń fi ìṣirò tiwọn pamọ́ títí ìbò á fi sún mọ́lé. Ní 2025, ìdìbò ṣáájú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin. Labor gbé ìṣirò jáde lọ́jọ́ 28, àwọn Liberal àti Nationals lọ́jọ́ kìíní oṣù Kàrún-ún, ó ku ọjọ́ méjì. Àwọn tó ti tètè dìbò kò rí i. Lórí nukilia, alátakò ní bílíọ̀nù 331 dọ́là, Labor ní 600 bílíọ̀nù. Ẹni tó bá rí irú àlàfo báyìí, kó wá ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kà mọ́ ọn àti ohun tí wọ́n fò, kó tó yan èyí tó máa gbà gbọ́.

Àgbà_Ṣàgámù

Mo fi kún un fún aṣòfin ẹkùn. Ojú òpó They Vote For You máa ń fi bí aṣòfin kọ̀ọ̀kan ṣe dìbò nílé hàn, ọ̀rọ̀ lọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ pé aṣòfin Labor ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ohun tí ẹgbẹ́ bá fẹnu kò sí lòun máa dì. Aṣòfin àgbà Fatima Payman tó ṣe òdì kejì ní 2024 kúrò lẹ́gbẹ́ kété lẹ́yìn náà. Fún Labor, nígbà náà, ètò ẹgbẹ́ ni ìbò aṣòfin. Àwọn Liberal tí kì í ṣe mínísítà ní òmìnira, wọn kì í sì í sábà lò ó.

Àǹtí Àdùkẹ́, mo gbà fún yín lórí Morrison. Bí a bá máa wọn olórí, kí a wọn ohun tó ti ṣe nípò, kì í ṣe bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lórí tẹlifíṣọ̀n.

Àdùkẹ́_Brisbane

Ibẹ̀ gan-an ni mo wà, Baba. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì Dutton ní 2025. Ó kéde rẹ̀, inú àwọn abiyamọ tó ń ṣiṣẹ́ nílé bàjẹ́, ó sì gbà lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹrin pé àṣìṣe ni, ó fà á sẹ́yìn láàárín ìpolongo. Ìyẹn kọ́ wa ní ohun méjì: ètò náà kò dúró, ẹni tó gbé e wá kò sì bá àwọn tó kàn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ètò ló kọ́ wa ní ìwà olórí.

Ìyá_Ìbejì

Ó ti yé mi dáadáa. Ó wá ku bí wọ́n ṣe máa kọ nọ́ńbà yẹn. Wọ́n ní ó máa ń bàjẹ́.

Àgbà_Ṣàgámù

Ó máa ń bàjẹ́, Ìyá Ìbejì, àwọn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ilé wọn ni ó sì ń pọ̀ sí lára. Lórí ìwé ewéko: kí wọ́n kọ 1 síwájú ẹni tí wọ́n fẹ́ jù, 2, 3, títí gbogbo àpótí á fi kún. Bí ó bá ku ẹyọ kan ṣoṣo ní òfìfo, wọ́n ṣì máa kà á. Bí ó bá ku méjì, tàbí tí nọ́ńbà kan wáyé lẹ́ẹ̀mejì, ìbò náà ti ṣòfò. Kí wọ́n má ṣe tẹ̀ka, kí wọ́n má kọ orúkọ ara wọn síbẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n lè fi 1 fún ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ àdúgbò, bí ẹni yẹn bá sì jáde nínú eré, kí ìbò náà ṣì dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ńlá tí wọ́n fẹ́ kó jọba, ní ipò 2 tàbí 3. Ìdá 34.6 ni Labor gbà ní ipò 1 káàkiri ilẹ̀ náà ní 2025. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ló sọ ọ́ di ìjókòó 94.

Lórí ìwé funfun, ìlà kan nípọn láàárín. Bí wọ́n bá dì í lókè ìlà, kí wọ́n kọ ó kéré tán 1 dé 6 fún ẹgbẹ́. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀, ó kéré tán 1 dé 12 fún èèyàn. Bó ṣe rí láti 2016 nìyẹn. Ẹni tó kọ 1 nìkan lókè, wọ́n máa kà á, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ yẹn bá jáde nínú eré, ìbò náà kú síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣi nọ́ńbà kọ, kó má fà á rẹ́ títí. Kó dá ìwé náà pa dà fún òṣìṣẹ́ ìdìbò kó tó jù ú sínú àpótí, wọ́n máa fún un ní tuntun.